Ìkòkò Tí A Kì Í Yìn

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń bú ìyá ọkọ mi lójúkojú, ní ọ̀sán gangan, níṣojú ọmọ wọn, níṣojú gbogbo agbolé, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Ẹ má tíì pariwo. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó bú wọn. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Ọṣẹ yín yìí mà burú o. Bóyá imí ewúrẹ́ lẹ rò pọ̀ mọ́ ọn, èmi ò mọ̀." Wọ́n á ní, "O ṣeun, ìyàwó mi. Ṣé o sùn dáadáa?" Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá wa nìyẹn nínú agbolé wa ní Akron, ní ìlú Àjàṣẹ́.

Ọṣẹ dúdú ni ìyá ọkọ mi ń sè. Ìkòkò irin ńlá kan wà lórí ààrò láàárín àgbàlá, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àgùntàn á fi lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Àdí àti omi eérú ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n á sì máa fi ọmọrogùn gígùn rò ó láti òwúrọ̀ títí tí yóò fi dì. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ìkòkò yìí ní: a kì í yìn ín. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, o ò gbọdọ̀ sọ pé ó dára, o ò gbọdọ̀ sọ pé ó ń ta sánsán, o ò gbọdọ̀ sọ pé ọwọ́ ẹni tó ń rò ó mọ́. Bí o bá yìn ín pẹ́nrẹ́n, yóò yapa, epo á lọ sápá kan, omi á lọ sápá kejì, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ti wọmi. Ẹni tó bá fẹ́ kó dára, kó bú u. Kó bú ẹni tó ń sè é, kó bú ọmọrogùn, kó bú igi ìdáná pàápàá.

Ta ló fi òfin yìí lélẹ̀? Wọ́n ní ìyá ọkọ ìyá ọkọ ìyá ọkọ mi ni. Láti ọwọ́ ìyá ọkọ sí ọwọ́ ìyàwó ni ọṣẹ náà ti ń wá, kì í bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin, nítorí ọmọbìnrin yóò lọ sílé ọkọ, yóò sì gbé iṣẹ́ lọ. Ìyá ní ìyàwó ilé mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ń ta aṣọ ní Kòtónú, ó ń wá sílé nígbà ọdún. Èyí àbíkẹ́yìn, bí èéfín bá ti fẹ́ lù ú lójú báyìí, ó di kí wọ́n máa wá omi. Èmi ni mo wà láàárín.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì dé agbolé wa. Ọ̀rọ̀ rere ni èmi fi wọlé níjọ́sí, àbùkù ló bá mi. Àdúgbò Tokpota ni wọ́n ti gbé mi wá. Bàbá mi, aránṣọ tó ń kí ìrun wákàtí máràárùn-ún, kọ́ mi pé kí n má ṣe kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ọjọ́ kẹrin tí mo dé ilé ọkọ ni mo rí Ìyá lẹ́nu iṣẹ́, òógùn bò wọ́n. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Háà! Ọṣẹ yìí mà dára o! Ó ń dán!"

Gbogbo àgbàlá yíjú sí mi. Àfi bí ẹni pé mo ti bọ́ṣọ sílẹ̀ ní gbangba. Ìyá yọ ọmọrogùn, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo inú ìkòkò. Kí a tó ka ení dé ẹ̀wá, epo ti lé sókè, omi ti wà nísàlẹ̀. Èmi tí mo ti ka ìwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo tún wá la ẹnu, mo ní, "Eérú ni kò lágbára, Ìyá." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n gbé odidi ìkòkò náà dà sí ìdí máńgòrò. Fún oṣù kan gbáko, bí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé á ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin nǹkan kan o."

Nígbà tí wọ́n tún gbé òmíràn kaná, Ìyá pè mí, wọ́n ní, "Bú u."

Mo ní, "Ìyá, kò… kò fi bẹ́ẹ̀ dára."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bú nǹkan ní Tokpota nìyẹn? Bú u bí ẹni tó jẹun yó!"

Kí n má purọ́, n kò pẹ́ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, mo tún rí oyin inú rẹ̀. Ìyá lè bínú sí mi lọ́jọ́ Ajé nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." Màá kó ọ̀rọ̀ mi pamọ́ títí di ọjọ́ tí ìkòkò bá gun orí iná. Màá wá lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀: "Ìyá, àwọn kan wà tí wọ́n ń rí iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn, ọṣẹ tiwọn ò sì lè fọ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ." Ìyá mọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ọmọrogùn á fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run á bá mi mú ẹ." Ṣùgbọ́n tí a bá ti sọ ọṣẹ kalẹ̀ báyìí, eré parí. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná ti kú yóò fojú rí ata.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn nínú òfin náà. Láti ọdún kẹta ni mo ti ń bá Ìyá ro ọṣẹ. Lójoojúmọ́ tí mo bá di ọmọrogùn mú, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ẹ wúwo bí ọwọ́ ẹni tó ń gún iyán fún ọ̀tá rẹ̀." Bí a bá sì kúrò nídìí iná, wọn kì í sọ nǹkan kan, wọn kì í ṣe aládùn ẹnu. Ẹni tí wọ́n ń bú lójoojúmọ́, báwo ni yóò ṣe mọ ọjọ́ tí wọ́n bú u lóòótọ́? Ọdún mọ́kàndínlógún, n kò mọ̀ bóyá mo mọ iṣẹ́ náà ṣe tàbí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí mérì, ìjọba ìlú wa, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò wa ṣe, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n ti òkè òkun bọ̀, tí òdòdó alámọ̀ wà lórí fèrèsé wọn. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ògiri wa gan-an. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ó dára lójú. Kò tó oṣù méjì tí èéfín wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní àwọ̀ tirẹ̀. Ni ìwé bá dé láti mérì: gbogbo ẹni tó ń dáná ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé náà, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti là sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Àfi ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò tuntun tí wọ́n fi ń ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àjogúnbá lọ́wọ́. Ẹni tó bá wọlé, wọ́n á kọ́ ihò èéfín gíga fún un, wọ́n á ṣe òrùlé sí orí ààrò rẹ̀, iná rẹ̀ á sì wà níbi tó wà.

Ìyá ní, "Èéfín yẹn ti ń kun ilé yẹn kí wọ́n tó bí mérì." Mo ní mérì kì í ṣe èèyàn. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lójú."

Wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí. Orúnkún Ìyá kò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ńlá mọ́, ká má tíì sọ pé kí wọ́n máa gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sẹ́yìn ìlú lójoojúmọ́. Ààrò náà sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ ilé yìí ní ìyàwó. Àwọn obìnrin ìletò etí odò tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àdí àti eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Ìyàwó, bí iná yín bá kú, ta ni ká máa gbé e lọ fún?" Mo ní kí wọ́n ṣì máa gbé e bọ̀ ná. Lọ́jọ́ kan, Ìyá jókòó síwájú ààrò tí kò níná, wọ́n ní, "Bí wọ́n bá pa iná yìí, kí wọ́n kúkú wá gbé èmi náà." Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Nídìí ẹ̀rọ fọ́tókopí ni mo ti ń jẹun, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tokpota, nítorí náà èmi ni akọ̀wé gbogbo ẹbí. Mo gba dosíè, ìwé tí a ń kún fún ètò náà, wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi Ìyá ní ìbéèrè inú rẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé ìdí ìkòkò ni mo ti bi wọ́n. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ tó? "Kọ ọ́ pé àná la bẹ̀rẹ̀." Kí ló fi dára ju ti ẹlòmíràn lọ? "Kọ ọ́ pé kò dára." Àwọn wo ló ń rà á? "Àwọn tí kò mọ ọṣẹ." Mo dúró kí iná kú, mo fà wọ́n wá sí ìloro, a tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè, wọ́n wá sọ òótọ́. Ó gùn débi pé ojú ewé kò gbà á.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni: ta ló ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín tí yóò gbà á lẹ́yìn yín? Ìyá wo ẹsẹ̀ wọn. Mo di bíìkì ìkọ̀wé mú, mo ń dúró. Wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìró wọn, wọ́n ní, "Fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Mo ṣe bí ẹni pé bíìkì ò lómi mọ́, mo dìde lọ wá òmíràn, mo sì dúró sínú yàrá títí ojú mi fi gbẹ. Ó dùn mí o, kí n sọ òótọ́. Ó dùn mí wọ egungun.

Mérì dá dosíè padà. Wọ́n ní wọn kì í gba òfìfo. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà níbi tí iná gbé ń jó, kí oníṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè tó kù, kí wọ́n sì rí ọṣẹ kan tó dì lójú wọn. Láìsí èyí, kí a máa palẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí wọn nípa èèwọ̀ yìí kí wọ́n tó dé."

Wọ́n ní rárá. "Bí o bá sọ fún àlejò pé kó má rò ó, ohun tí yóò máa rò nìyẹn, èrò náà á sì bọ́ sínú ìkòkò. Ìwọ ni ògbufọ̀. Ṣe iṣẹ́ ẹ."

Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọ́n ti fún mi láṣẹ láti purọ́.

Àwọn méjì ló dé. Ọ̀gá wọn jẹ́ Madámù kan láti òkè ọ̀hún ní ìhà àríwá, ọmọlúàbí pátápátá, tó gbọ́ Faransé tí kò sì gbọ́ Nàgó, èdè wa, rárá. Ẹnì kejì ni akọ̀wé rẹ̀, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ọmọ àdúgbò Dowa ní Àjàṣẹ́ níbí, tí kì í sọ̀rọ̀. Ìyá ń ro ọṣẹ. Gbogbo ohun tí Ìyá lè fẹnu sọ nínú Faransé ni bọ́njùù àti mẹ̀sì, wọ́n sì ti sọ méjèèjì tán kí àwọn àlejò tó jókòó.

Madámù wo ìkòkò, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí iṣẹ́ ọwọ́ tó lẹ́wà tó báyìí.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn, àwọn ò rí játijàti tó báyìí."

Inú Ìyá dùn. Wọ́n tẹrí ba. "Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́. Ọlọ́run á san án fún wọn."

Madámù fa èémí símú, ó ní òórùn rẹ̀ ń mú òun rántí tùràrí.

"Wọ́n ní ó ń rùn bí ihò òkété, Ìyá."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni," ni Ìyá wí. "Àwọn wo ló bí i?"

Akọ̀wé húkọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ọmọ Dowa ò lè ṣàì gbọ́ èdè wa. Ó gbé dosíè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Kò tú àṣírí mi. Ni mo bá ń bá iṣẹ́ mi lọ. Madámù ní apá Ìyá lágbára bí apá ọ̀dọ́, mo ní wọ́n ní apá Ìyá dà bí okùn aṣọ. Madámù ní àwọn obìnrin etí odò tó ń gbé àdí wá ń ṣe bẹbẹ, mo ní wọ́n ní àdí náà ò tó fi pa ilẹ̀kùn. Ọṣẹ ń dì, ó ń nípọn, ọmọrogùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó kù díẹ̀ báyìí. Inú mi dùn sí ara mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Madámù dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Ìyá, ó na àtàǹpàkò, ó fi gbogbo ẹ̀rín sọ ọ́ sí wọn lójú: "Ìyá! Sẹ bọ̀n! Sẹ bọ̀n!"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Àjàṣẹ́ pé "ó dára" ni sẹ bọ̀n. Ewúrẹ́ ọjà gbọ́ ọ. Kí ni n óò túmọ̀ níbẹ̀?

Ọwọ́ Ìyá dúró. "Kí ló wí?"

"Ìyá, wọ́n ní…"

"Mo gbọ́ ohun tó wí."

Ìfófòó ọṣẹ rọlẹ̀. Òrùka epo tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ yí etí ìkòkò ká. Ìyá fi ọmọrogùn sílẹ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́, "Ó ti parí. Ẹ wá bá mi gbé e dà nù." 

Mo yí sí Madámù. N kò rí ọgbọ́n mìíràn dá ju òótọ́ lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Faransé wàràwàrà, èèwọ̀ náà, ìdí tí wọ́n fi ń gbé ọṣẹ dà nù, àti irọ́ tí mo ti ń pa láti àárọ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ òórùn, kí lo sọ fún wọn?" Mo sọ ihò òkété fún un. Akọ̀wé kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó yí ẹ̀yìn sí wa.

Ẹ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà, Ìyá sì ti sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn èyí tí èmi bàjẹ́: ẹnu tó yin ọṣẹ ni yóò tún un bú, kí epo tó yapa tán. Madámù ní kò ṣeé ṣe. Ó ní òun ò bú àgbà rí láyé òun, ó ní òun wá ṣojú mérì. Akọ̀wé yíjú padà, ó nu omijé ẹ̀rín, ó ní, "Madámù, iṣẹ́ ló dé yìí." Ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí epo tó ń gbòòrò.

Madámù tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ọṣẹ yìí… ó lè dára jù báyìí lọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ìyá mi orí. "Sọ fún un kó bú u bí ẹni tó jẹun yó."

Mo sọ fún un. Mi ò mọ ohun tí ojú Madámù ti rí nínú búròò, ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀. Ó fa apá aṣọ sókè. Ó ní ọṣẹ yìí burú ju kọfí tí wọ́n ń fún àwọn nípàdé lọ. Ó ní ó jọ ọ̀nà ìlú ọkọ òun nígbà òjò. Ó ní ó dúdú bí ọkàn ẹni tó yá agboòrùn òun tó ní òun ò rí i mọ́. Ó bú ọmọrogùn, ó bú igi, ó bú eérú àná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ń túmọ̀ tẹ̀lé e, mi ò yọ ẹyọ kan, mi ò fi ẹyọ kan kún un. Ìyá ti gba ọmọrogùn padà, wọ́n ń rò ó kíkankíkan, wọ́n ń sọ pé, "Hẹn-ẹn! Bẹ́ẹ̀ ni! Sọ̀rọ̀ lọ, ọmọ mi!" Nígbà tí Madámù wá kọjú sí akọ̀wé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú òun náà nítorí ìwé kan tó sọ nù, Ìyá ní, "Ó tó. Ìkòkò nìkan là ń bú."

Òrùka epo ti wọlé padà. Ọṣẹ náà kó ara jọ, ó ń ṣe gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ lábẹ́ ọmọrogùn. Madámù ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan. Akọ̀wé ṣí dosíè sí ibi tí mo fi sílẹ̀ lófìfo, ó bèèrè ní Nàgó, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ìyá, ta ni yóò gbà á lẹ́yìn yín?"

Mo tẹ́tí. Ìyá kò wo ibi tí mo wà. Inú ìkòkò ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń rò ó.

"Ẹ wo èyí tó jókòó síbẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Kò mọ nǹkan kan. Ọdún kẹta tó wọlé ni ibà dá mi wó, òun nìkan ló ro odidi ìkòkò láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ọ̀lẹ! Bí wọ́n bá ti gbé eérú kọjá lẹ́nu ọ̀nà, imú lásán ló fi ń mọ̀ bóyá èyí tó jóná dáadáa ni. Imú ajá! Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, ọṣẹ wà lórí iná, gbogbo ilé figbe ta, wọ́n gbàgbé ìkòkò. Òun ló wá kúnlẹ̀ síbí, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń bú ọṣẹ náà fún mi títí ó fi dì. Aláìnítìjú! Mo ti rí ọlọ́wọ́ burúkú láyé, mi ò rí irú èyí. Bí mo bá kú lónìí, ọwọ́ rádaràda yẹn ni kó di ọmọrogùn yìí mú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Madámù yí sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo fi etí aṣọ bo ojú. Èmi tí mo ti ń purọ́ láti àárọ̀ bí ẹni ń jẹ guguru, mi ò lè túmọ̀ òótọ́. Akọ̀wé ló yọ awò ojú rẹ̀, ó dá a lóhùn ní Faransé: "Wọ́n ní ìyàwó wọn yìí ni." Madámù ní, "Ṣé gbogbo ariwo yẹn?" Akọ̀wé ní, "Madámù, iná ṣì wà lábẹ́ ìkòkò." Ó sì kọ orúkọ mi síbẹ̀.

"Kí ló ń sunkún sí?" ni Ìyá wí. "Kó wá rò ó jàre, apá ń ro mí."

A wọlé sínú ètò náà. Ihò èéfín wa ti ga ju máńgòrò lọ báyìí, ilé aláwọ̀ ìyeyè ń sinmi. Àwọn obìnrin etí odò ṣì ń gbé ẹrù wọn wá. Èmi ni mò ń ro ọṣẹ, Ìyá a máa jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa dárúkọ gbogbo àbùkù mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ara á sì tù mí.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mérì fi pátákó kékeré kan ránṣẹ́ pé kí a gbé e kọ́ sára ògiri ààrò. Faransé ló wà lára rẹ̀, ìyìn sì ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ọṣẹ wà lórí iná lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ dì. Ìyá gba pátákó, wọ́n fọwọ́ ra àwọn lẹ́tà tí wọn ò lè kà, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n kọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní ọṣẹ yín burú, Ìyá. Wọ́n ní ààrò yín ò dára. Wọ́n ní ìyàwó tí ẹ yàn, ọwọ́ rẹ̀ wúwo."

Mo ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo pátákó náà pẹ́, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ni Ìyá wí. "Ọwọ́ ẹ ò wúwo. Ọwọ́ ẹ dára ju tèmi lọ."

Mo pariwo, "Ìyá! Iná wà lábẹ́ rẹ̀!" Mo bojú wo inú ìkòkò. Òrùka epo ti yọ.

"Ìyá, ẹ bú mi kíá! Ẹ tètè bú mi!"

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó bàjẹ́." Nígbà tó tutù, àwa méjèèjì gbé e lọ dà sí ìdí máńgòrò.